Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi ọ̀dà ṣákaṣàka kun gbogbo ara píkọ́ọ̀pù mi?

Ìbéèrè tí àbúrò wa kan fi ránṣẹ́ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní píkọ́ọ̀pù kan tó ti lo ọdún 17, ọ̀nà eruku àti òkúta ni mo ń gbà lójoojúmọ́. Ọ̀dà ti ń bó nísàlẹ̀ àwọn ilẹ̀kùn àti létí fẹ́ńdà, ìpẹtà sì ti ń yọjú níbẹ̀. Mo ti rí àwọn tó fi ọ̀dà ṣákaṣàka tí wọ́n ń pè ní bẹ́ẹ̀dì láínà kun tiwọn látòkè délẹ̀, ó wù mí gan-an. Ṣé kí n kun gbogbo ẹ̀ ni? Èwo ni kí n rà, ṣé ti rólà ni àbí èyí tí wọ́n ń fọ́n? Ọ̀rẹ́ mi ní ó máa bo ìpẹtà yẹn mọ́lẹ̀, pé mi ò ní rí i mọ́."

Àbúrò, mo dúpẹ́ pé o béèrè kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi lórí ọ̀dà yìí ló ti kùn ún tán kí wọ́n tó wá, ìgbà yẹn ó ti di ká máa họ ọ́ kúrò, iṣẹ́ yẹn ò sì ṣeé fi ṣeré rárá. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ torí òun ló bà mí lẹ́rù jù. Ó máa bo ìpẹtà yẹn lóòótọ́. O ò ní rí i mọ́ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ mi, ọ̀dà ṣákaṣàka dúdú ni wọ́n fi kùn ún yíká, tó o bá dúró lókèèrè díẹ̀ wàá ní ó rẹwà. Àmọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọ̀tún mo rí ibì kan tó wú, bí eéwo tí ò tíì lójú, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń rọ̀ wọlé. Mo ki ọ̀bẹ tá a fi ń họ ọ̀dà bọ etí ẹ̀, mo fà á, ṣe ló bó lódindi bí awọ ejò, ó gùn tó apá mi, inú ẹ̀ sì kún fún ìpẹtà lẹ́búlẹ́bú. Irin tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Ìka mi gba ibẹ̀ kọjá sí òdìkejì. Ẹni tó kùn ún ò họ ìpẹtà kúrò, ó tún wá fi ọ̀dà dí àwọn ihò kéékèèké tó wà nídìí ilẹ̀kùn, àwọn tí omi máa ń gbà jáde, bí òjò ṣe ń gba etí gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀ tí kò rọ́nà lọ, irin ń jẹrà látinú, ọ̀dà tó lágbára yẹn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ṣé o rí i, ọ̀dà yìí kì í pa ìpẹtà. Ohun tó bá bá lójú irin ló máa dì mọ́. Tó bá jẹ́ irin tó mọ́ ló bá, irin ló máa dì mú, tó bá sì jẹ́ ìpẹtà tó ti ń ṣí ló bá, ìpẹtà yẹn ló máa dì mú, ọjọ́ tí ìpẹtà bá ṣí òun náà á bá a lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí mo bá ní ọjọ́ 4 fún irú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ 3 ni mo máa fi palẹ̀ mọ́, fífọ́n ọ̀dà fúnra ẹ̀ ò ju wákàtí mélòó kan.

Ó kan ti ká kun gbogbo ara ọkọ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní kùn ún. Ibi tí òkúta ń bà ni kó o kùn: láti ìdajì ilẹ̀kùn wá sísàlẹ̀, abẹ́ ilẹ̀kùn níbi tá a máa ń tẹ̀ wọ ọkọ̀, etí fẹ́ńdà tó yí táyà ká, bọ́ńpà tó bá jẹ́ irin, àti inú ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹrù ń wà. Lókè, kun ọ̀dà lásán tó ń dán. Òkúta wo ló ń lọ ba òrùlé ọkọ̀? Ọ̀dà ṣákaṣàka yìí máa ń mú eruku àti ẹrẹ̀ dání láàárín àwọn hóró ẹ̀, aṣọ ìnukọ̀ ò lè wọ ibẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lo máa fi máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà, ṣé o fẹ́ máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì? Àti pé tí ẹnì kan bá gbá ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́la, panẹ́ẹ̀lì bítà lè tún ibẹ̀ ṣe, àmọ́ kí hóró ọ̀dà tuntun bá ti àtijọ́ mu, ó ṣòro gan-an, àpá ẹ̀ máa ń hàn. Tó o bá wá yí ọkàn padà tó o fẹ́ yọ ọ́, kò sí oògùn kan tó o máa pa sí i tó máa yọ́ wẹ́rẹ́, iná tí wọ́n fi ń yọ́ ọ̀dà àti ọ̀bẹ ni, pẹ̀lú òógùn ojú. Mo mọ̀ pé ó wù ẹ́, mi ò sọ pé kò dáa lójú o, ohun tí mò ń sọ ni pé ìdajì ìsàlẹ̀ yẹn ló máa jàǹfààní ẹ̀, tí wọ́n bá sì fa ìlà ẹ̀ gún dáadáa ó máa ń lẹ́wà ju odindi lọ lójú tèmi. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ lo ṣì fẹ́ kùn, tí àwọ̀ ọkọ̀ sì máa yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀, wádìí ohun tí òfin ibi tó o wà sọ, torí níbi púpọ̀ o gbọ́dọ̀ lọ sọ fún àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀.

Èwo wá ni kó o rà? Oríṣi 3 ló máa bọ́ sí ẹ lọ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́ ni ti inú agolo kan ṣoṣo, tí wọn ò po nǹkan kan mọ́, wọ́n á rò ó pọ̀ wọ́n á fi rólà tàbí búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, Herculiner wà lára irú ẹ̀, hóró rọ́bà wà nínú ẹ̀ tó máa ń jẹ́ kó ṣákaṣàka. Ó dáa fún inú ibi ẹrù, ẹsẹ̀ ò ní máa yọ̀ níbẹ̀, àmọ́ lára ilẹ̀kùn ojú ẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun jù, mi ò fẹ́ ẹ fún ìta. Èkejì ni oní-méjì, ọ̀dà lọ́tọ̀, hádínà tó ń mú kó le lọ́tọ̀, tí wàá pò pọ̀ kó o tó fọ́n ọn, Raptor ti U-POL lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni polyurea tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá gbé gbóná fọ́n, irú èyí tí àwọn Line-X ń ṣe, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló ti ń le, òun ló nípọn jù tó sì lágbára jù, àmọ́ o ò lè fọwọ́ ara ẹ ṣe é, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ẹ̀ lo máa gbé ọkọ̀ lọ. Fún ohun tó o ṣàlàyé yìí, oní-méjì tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀nù fọ́n ni kó o mú. Tó bá jẹ́ òkúta ńlá àti irin lo máa ń kó sẹ́yìn ọkọ̀, o lè gbé ẹ̀yìn yẹn nìkan lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-polyurea.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Wo ìwé tó bá a wá, wò ó bóyá wọ́n kọ aromatic tàbí aliphatic síbẹ̀. Oòrùn máa ń ba aromatic jẹ́ lójú, dúdú ẹ̀ á ṣì, á wá máa rí bíi pé wọ́n da eérú sí i, ó ṣì máa lágbára o, àmọ́ ojú ẹ̀ ti bàjẹ́. Aliphatic ló máa ń fara da oòrùn. Fún abẹ́ ọkọ̀ tí oòrùn ò dé, èyí tó bá wù ẹ́, fún ìta, aliphatic ni kó o rà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ oníbitúmẹ́ẹ̀nì fún ẹ pé ọ̀kan náà ni, ìyẹn kì í le tán, ó máa ń rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ èèyàn, tó bá sì ti sán omi á máa gba ibi tó sán wọlé á jókòó síbẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́ gan-an. Fọ ọkọ̀ náà, kì í ṣe fífọ̀ ojú lásán, kó o fọ abẹ́ fẹ́ńdà àti gbogbo kọ́rọ́ tí ẹrẹ̀ ti gbẹ sí. Lẹ́yìn náà fi oògùn ìnu-epo tí àwọn oníkun-ọ̀dà ń lò nù ún, aṣọ méjì ni, ọ̀kan tí oògùn wà lára ẹ̀ àti ọ̀kan gbígbẹ tó ń tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ kí oògùn yẹn tó gbẹ, torí tó bá gbẹ síbẹ̀ epo yẹn náà á padà sójú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á kí wọ́n tó nù ún, àṣìṣe gbáà ni, ṣe lò ń fi sáńpépà tẹ epo àti wáàsì wọnú irin. Nu epo kúrò ná, kó o tó ha á, tó o bá ha á tán tún un nù. Bó o ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́ ni pé kó o da omi tó mọ́ sí i kó o dúró wò ó: tí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó bo gbogbo ojú irin bí aṣọ, ó ti mọ́ nìyẹn, tó bá ń ṣù jọ ní kíńkíńní bí ìrì orí ewé, epo ṣì wà níbẹ̀, padà lọ nù ún. Mi ò kì í fo èyí láéláé, ìṣẹ́jú kan péré ni, ojú ihò bí ojú ẹja tó o máa ń rí lára ọ̀dà àwọn kan, ibi tí epo ṣẹ́kù sí ni o.

Ti ìpẹtà: fi ẹ̀rọ ìlọrin tó ní búrọ́ọ̀ṣì wáyà tàbí díìsì ìhọ̀dà họ ọ́ títí irin á fi funfun, má sì dúró sí etí ibi tó o rí, ìpẹtà máa ń rá kọjá sábẹ́ ọ̀dà tó ṣì dà bíi pé ó dáa, máa họ lọ títí wàá fi kan ọ̀dà tó di irin mú gírígírí. Fi nǹkan ṣóńṣó gún ibi tó bá ń fu ẹ́ lára. Tó bá lu, kò sí ọ̀dà tó lè ṣe é, kí wẹ́dà gé ibẹ̀ kúrò kó jó irin tuntun sí i. Tó bá jẹ́ pé ojú irin ní kòtò kéékèèké tí díìsì ò lè wọ̀, ibẹ̀ ni oògùn tó ń sọ ìpẹtà di dúdú ti wúlò, àmọ́ nínú kòtò yẹn nìkan, má fi rọ́pò híhọ. Kó o sì wo ihò omi abẹ́ ilẹ̀kùn báyìí, fi wáyà tú u kó là, jẹ́ kó wà lọ́kàn ẹ.

Ọ̀dà àtijọ́ tó ṣì le kò pọn dandan kó o họ ọ́ kúrò, òun gan-an ni ìpìlẹ̀ tó dáa. Sáńpépà 180 sí 240 ni kó o fi ha á títí dídán ẹ̀ fi máa lọ pátápátá, kí gbogbo ojú ẹ̀ ṣú bákan náà. Kọ́rọ́ tí sáńpépà ò wọ̀, scotch-brite pupa ni, ìyẹn kànrìnkàn líle tí wọ́n fi ń ha nǹkan. Ibi tó bá ṣì ń dán níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ibẹ̀ ni ọ̀dà máa ti kọ́kọ́ bó, mo ń sọ ohun tí mo ti rí lójú mi. Ibi tí irin ti hàn gbọ́dọ̀ gba pírámà epoxy, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń di irin mú, lọ́jọ́ yẹn gan-an, irin tó hàn tó sùn mọ́jú níta ti ń mú ìpẹtà tuntun. Ka iye wákàtí tí wọ́n kọ sára pírámà yẹn, àsìkò kan wà tí wàá lè fọ́n ọ̀dà lé e láì ha á, tó bá ti kọjá àsìkò yẹn o ní láti ha á kí èyí tó ń bọ̀ tó lè dì í mú. Tó bá jẹ́ bọ́ńpà oníke, oògùn ìlẹ̀mọ́ ti ike ló máa kọ́kọ́ gbà. Mo tún fẹ́ kó o ṣọ́ra nípa bọ́ńpà yìí, tí sẹ́ńsọ̀ bá wà lára ẹ̀ tàbí tí rédà wà lẹ́yìn ẹ̀, má fọ́n nǹkan tó nípọn báyìí sí i, kò ní ríran dáadáa mọ́.

Fífi tépù bo ibi tí o ò fẹ́ kí ọ̀dà bà, má kánjú níbẹ̀. Gíláàsì, iná, rọ́bà ilẹ̀kùn, nọ́ńbà ṣásíìsì, ihò omi wa yẹn, sálẹ́ńsà, bírèkì, gbogbo ẹ̀. Yọ èyí tó bá ṣeé yọ dípò kó o fi tépù yí i ká, pàápàá ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kó o sì rántí pé ọ̀dà yìí nípọn, ó lè tó ìdajì mìlímítà, níbi tí ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, tó o bá kun etí méjèèjì, wọ́n á máa ha ara wọn ní gbogbo ìgbà tó o bá tìlẹ̀kùn. Jẹ́ kó fúyẹ́ létí.

Kí n tó sọ ti fífọ́n, ẹ̀mí ẹ ṣe pàtàkì sí mi ju ọkọ̀ yẹn lọ. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú hádínà oní-méjì yìí, tó o bá ń fà á sínú ó lè sọ ẹ́ di oní-asthma, ara àwọn kan á sì kọ̀ ọ́ débi pé tí wọ́n bá tún fẹ́ẹ́ gbóòórùn ẹ̀ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, èémí á há. O ò ní gbóòórùn ẹ̀ kó o tó fà á símú, má fi imú mọ̀ ọ́n. Ìbòmú oníbébà tàbí aṣọ ò ṣe nǹkan kan sí i. Ìbòjú tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tó mọ́ ránṣẹ́ sínú ẹ̀ láti ìta ló tọ́, ìbọ̀wọ́, aṣọ tó bo gbogbo ara, kí ọmọdé má sí nítòsí. Tó ò bá lè rí ìbòjú yẹn, jẹ́ kí ẹni tó ní i bá ẹ fọ́n ọn, ìwọ ṣe gbogbo ìpalẹ̀mọ́ tó kù, ìyẹn náà ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Pípò ẹ̀: Raptor jẹ́ ọ̀dà 3 sí hádínà 1, ìlà wà lára ìgò ẹ̀. Tó o bá ra èyí tí wọ́n ń fi àwọ̀ sí, àwọ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kó o sì po àwọ̀ tó máa tó gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó o bá ń fojú díwọ̀n ẹ̀ ní ìgò kọ̀ọ̀kan ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn ò ní bára mu. Hádínà ni kó o máa fi sí i ní ìgò kọ̀ọ̀kan nígbà tó o bá ti ṣe tán láti fọ́n ọn, torí tó o bá ti fi sí i, ó ti ń le lọ nìyẹn, o ní bíi wákàtí kan tí ojú ọjọ́ bá wà ní 20°C, tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀. Mì í fún ìṣẹ́jú 2, kó o sì mì í gidi. Dé hádínà tó kù padà kíákíá, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń bà á jẹ́. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ náà gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń gba omi lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ̀kán omi díẹ̀ tó bá bá hádínà pàdé á máa hó, wàá rí àwọn ibi kéékèèké tó wú lójú ọ̀dà.

Gọ́ọ̀nù Schutz tí wọ́n ń dè mọ́ ìgò ni kó o lò, afẹ́fẹ́ ẹ̀ láàárín 40 sí 60 psi. Tí afẹ́fẹ́ bá ga, hóró á kéré á kúnná, tó bá lọ sílẹ̀, hóró á tóbi. Ìjìnnà náà ń ṣe tiẹ̀, mú un tó ìgbọ̀nwọ́ kan sí ara ọkọ̀, má jẹ́ kó yí padà, torí tó o bá ń sún mọ́ ọn tó o tún ń jìnnà, apá kan á tutù á máa ṣàn, apá kejì á gbẹ bí iyanrìn. Kọ́kọ́ fọ́n ọn sára páálí tàbí irin tí o ò lò títí hóró ẹ̀ á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó o tó yíjú sí ọkọ̀. Ojú kìíní kó fẹ́lẹ́, má wá bí wàá ṣe bo gbogbo ẹ̀ tán, bí ojú ìsàlẹ̀ bá ṣì ń hàn díẹ̀ kò burú. Dúró bíi wákàtí kan, fọ́n ojú kejì, èyí tó nípọn, kó o sì gba ọ̀nà tó dábùú ti àkọ́kọ́. Má ṣe é lábẹ́ oòrùn gangan nígbà tí irin ti gbóná, má sì ṣe é lówùúrọ̀ tí ìrì wà, ojú irin gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n 3°C gbóná ju ìwọ̀n tí ìrì máa ń sẹ̀ lọ.

Tépù, má jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ lé e lórí. Ojú kejì tó ò ń fọ́n yẹn, bó bá ti kúrò ní ṣíṣàn tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, ìgbà yẹn ni kó o máa fà á, rọra fà á padà sẹ́yìn lórí ara ẹ̀ kó má fà sókè. Tó o bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọ̀dà tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ ti di tépù àti ara ọkọ̀ mú papọ̀, bó o ṣe ń fà á á máa ya ọ̀dà létí jágajàga, ìlà tó o fi gbogbo ọ̀sán fà á bàjẹ́ nìyẹn. Tó bá sì ti ṣẹlẹ̀, abẹ tuntun ni kó o fi gé e lójú ìlà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má dé ọ̀dà ìsàlẹ̀.

Ọkọ̀ náà lè jáde lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, àmọ́ ọjọ́ 5 sí 7 ló máa gbà kó tó le tán, má kó ẹrù tó wúwo sí i kó tó pé, má fi ẹ̀rọ olómi líle fọ̀ ọ́, má sì gba ọ̀nà òkúta yẹn ní ọ̀sẹ̀ náà tó bá ṣeé ṣe. Ṣí tépù tó o fi dí ihò omi, fi wáyà yẹn gún un lẹ́ẹ̀kan sí i kó o rí i pé ó là, kó o wá fọ́n wáàsì inú irin gba inú ilẹ̀kùn àti inú abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, torí ọ̀dà tó wà níta ò dé ibẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, jáde lọ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bóyá omi ń kán jáde.